Odò Inú Pálọ̀

Lámídì onídígí ní Ìgbọ̀nà ló bá mi gé e,
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní gígùn, ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ ní ìbú.
Ó bi mí: "Ṣé ti búrẹ́dì ni, Bàbá, àbí ti ẹran díndín?"
Mo ní odò ni.
Ó wò mí títí, ó wo ewú orí mi,
ó fi kún owó iṣẹ́.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà
nílé ìfìwéránṣẹ́, lẹ́tà ẹlòmíràn,
tí ń lọ síbi tí ẹsẹ̀ mi ò dé.
Ìfẹ̀yìntì dé, ọwọ́ mi ò mọ ibi tí yóò sinmi sí.

Yanrìn ni mo kọ́kọ́ fọ̀.
Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, omi rẹ̀ pọ́n bí àgbàrá Òkè-Báálẹ̀;
mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹfà, ó ṣì ń pọ́n.
Ṣìfáwù yọjú láti ilé ìdáná:
"Tí yanrìn yẹn bá jinná, ẹ bu tèmi sílẹ̀."

Ilẹ̀dú nísàlẹ̀, yanrìn lórí rẹ̀,
òkúta mẹ́ta láti ẹ̀gbẹ́ ojú irin.
N kò bu omi Ọ̀ṣun. Ẹni tí a bí ní Òṣogbo mọ ìdí:
ẹja ibẹ̀ kì í ṣe ẹja ẹnìkan.
Omi ẹ̀rọ ni mo gbè lọ́jọ́ tó ṣèèṣì yọ,
mo jẹ́ kó sùn lóru mẹ́ta nínú báàfù
kí oògùn ara rẹ̀ lè fò lọ.

Wọ́n ní ojú oró ní í lékè omi,
òṣíbàtà ní í lékè odò.
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún mi
pé bí ojú oró bá lékè tán,
ìmọ́lẹ̀ ò ní í dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń já a dànù,
tí mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òwe.

Ìkánjú mi ló pa mẹ́rin àkọ́kọ́.
Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo kó wọn dé,
omi ń dán, mo rò pé dídán ni mímọ́.
Kí ilẹ̀ Àìkú tó mọ́, wọ́n ti kọjú ikùn sókè.
Omi tuntun ni; kò tíì mọ ẹja,
kò tíì ní àwọn aláìrí tí ń gbá àgbàlá rẹ̀.
Mo sin wọ́n sídìí ìbẹ́pẹ.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń wo omi lásán.
Àlejò á wọlé, á ní: "Ẹja dà?"
Mo ní wọ́n ń bọ̀.

Ẹnìkan ní kí n po ṣúgà mọ́ ìwúkàrà nínú ìgò,
kí èémí rẹ̀ máa gba ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ bá àwọn ewé.
Òórùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀.
Ṣìfáwù ká mi mọ́ ìdí rẹ̀:
"Alàájì! Ọtí lẹ̀ ń pọn?"
Ó ku díẹ̀ kí ẹjọ́ mi dé mọ́ṣáláṣí.

Lóru tí iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò náà kú,
ẹ̀rọ tí ń mí fún wọn dákẹ́.
Mo fi ife bu omi, mo dà á padà láti òkè,
mo bù, mo dà, mo bù, mo dà,
títí wọ́n fi pe ìrun àsùbá.
Apá ń ro mí. Ẹja méje ń wò mí.
Ọwọ́ òǹtẹ̀ ti ríṣẹ́.

Lánàá, Ṣìfáwù ló jí mi, kò pariwo.
Ó fi ìka kan dí ètè, ó fà mí dé iwájú dígí.
Ìṣáwùrú kan ń rìn lára rẹ̀
bí arúgbó tó ń ka lẹ́tà láìkánjú.
Lábẹ́ ewé òṣíbàtà, nǹkan kan mì:
kò tó irun ìpéǹpéjú, ó ní ojú méjì.
Òmíràn. Òmíràn.
Ìyàwó mi kà wọ́n dé mọ́kànlá, ó tún wọn kà.
Mo na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tan iná,
ó gbá a mú.
"Ẹ má tíì tàn án," ó ní,
"wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."